Bí A Ṣe Ka Ìlú Tí Kò Ní Ọmọdé

Irọ́ ni wọ́n kọ sẹ́yìn páálí géèmù náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní mílíọ̀nù kan ènìyàn ló ń gbé ìlú tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi ló kà á sókè sí mi létí, lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀rọ géèmù àlòkù kan wálé láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn ọdún. Mo ní, mílíọ̀nù kan wo? Ṣé àwọn tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ mílíọ̀nù kan? Kí wọ́n wá sí Itamaga láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí wọ́n wá wo ohun tí ìwọ̀nba ènìyàn ń fojú títì ṣe, kí wọ́n tó máa fẹnu kó mílíọ̀nù jọ.

Ọkọ mi ní géèmù lásán ni. Mo ní irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, nínú géèmù tàbí lójú títì. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìlú yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí a jẹ́. Èmi ń ta gáàsì ìdáná ní Itamaga, ní Ìkòròdú. Àwọn òbí mi ti ọ̀nà Ọ̀ṣun wá, wọ́n háyà yàrá kan níbẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré, mi ò sì tíì kúrò ní Ìkòròdú láti ìgbà náà. Ìyá Gáàsì ni àwọn oníbàárà mi ń pè mí. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé mo ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Gáàsì. Ọkọ mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ṣùgbọ́n Èbúté Ìkòròdú ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń to èrò sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó rí i pé orí inú ọkọ̀ kò pọ̀ ju láífù jákẹ́ẹ̀tì lọ. Ó ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ débi pé bí a bá dé ibi ìsọmọlórúkọ, kó tó jókòó, ó ti mọ iye ẹni tó wà lórí àga. A sì máa ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ dáadáa. Wọn kì í gbàgbé láti pè wá.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí a ti fẹ́ra wa. A ò bímọ. Mo tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀, kí ẹ má baà máa wá ọmọ kiri nínú ìtàn yìí. A ti lọ sí ilé ìwòsàn, a ti gba ààwẹ̀, a ti lá àgúnmu oríṣiríṣi tí àwọn ènìyàn fi ìfẹ́ gbé wá. Nígbà tó yá a ní ó tó. Àwa méjèèjì la jọ sọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà, tìdùnnú-tìdùnnú la sì fi jẹun lọ́jọ́ yẹn. Àwọn oníbàárà mi kan ṣì máa ń sọ fún mi pé ọmọ laṣọ. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé èmi ò rìn níhòòhò dé sọ́ọ̀bù rí.

Ká padà sórí ìlú. Ìlú náà dára, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Odò kan là á láàárín, afárá olókùúta wà lórí odò, ọjà wà lápá kan, ilé ọba wà lápá kejì, òpópónà tóóró-tóóró sì pọ̀ bí ti ẹ̀yìn ọjà Ìkòròdú. Jagunjagun kan ni wọ́n fún wa pé ká máa darí. Ọba ìlú náà ní ká lọ bá àwọn ọlọ́ṣà jà nínú igbó. A ò lọ. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọba yẹn ṣì ń retí wa. Bí iná bá ti dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí mo ti ti sọ́ọ̀bù, tí òun náà ti dé láti èbúté, kíkà la ń ka ìlú.

Bí ọkọ mi ṣe mọ ènìyàn kà ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó mú jagunjagun náà lọ sórí afárá, ó dá a dúró síbẹ̀, ó ń ka orí tó ń kọjá. Ó ní bí a bá ti mọ iye tó ń kọjá láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, a ó mọ iye tó wà nílùú.

Mo ní, "Ẹni tó ń ṣàìsàn ńkọ́? Ẹni tó ń dáná lọ́wọ́ ńkọ́? Ṣé gbogbo ará Ìkòròdú ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi yín ni?"

Ó ní, "Ó dáa, Ìyá Gáàsì. Báwo ni ìwọ ṣe fẹ́ kà á?"

Mo ní ilé ni wọ́n fi ń ka ènìyàn, kì í ṣe orí. Mo ti ń wo sílíńdà àwọn ènìyàn láti ọdún mélòó kan. Sílíńdà kékeré tó bá ń padà wá lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ilé tó kún nìyẹn. Èyí tó tóbi tó sì pẹ́ kó tó padà, ẹni méjì ni, tàbí olówó tí kì í jẹun nílé. Kí n sọ òótọ́, ó ti já mi kulẹ̀ rí. Obìnrin kan wà tí mo máa ń kí ní ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ nígbàkígbà tó bá gbé sílíńdà rẹ̀ dé, nítorí kì í pẹ́ tán. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá Gáàsì, èmi nìkan ni mo ń dá gbé o. Ẹ̀pà ni mo ń sè tà." Mo ní ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀pà, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ilé kan ń jẹ kò lè sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún ọ tán.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ìdáná kiri ìlú náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni kì í ṣí. Àwòrán ilẹ̀kùn ni wọ́n kàn yà sára ògiri. Ìwọ̀nba èyí tó ṣí, ìkòkò wà lórí ààrò, iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò náà kì í hó, ẹnikẹ́ni kì í sì í bù nínú rẹ̀. Ọkọ mi ní ṣé mo ti rí i pé gáàsì kò ràn wá lọ́wọ́ níbí. Mo ní kó máa rìn lọ.

Bá a ṣe ń rìn lọ ni mo rí ohun tí mi ò rí láti ìgbà tí a ti ń wò ó. Mo ní, "Dúró ná. Níbo làwọn ọmọ wà?"

"Ọmọ wo?"

"Àwọn ọmọ ìlú yìí."

Ó lọ sí ọjà, kò sí. Ó gba etí odò, níbi tí ó yẹ kí ọmọdé ti máa fò bọ́ sómi, kò sí. A wo orí okùn aṣọ, kò sí aṣọ ọmọ ọwọ́ kan níbẹ̀. Kò sí aboyún. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀. Ọkọ mi ṣàlàyé fún mi pé àwọn tó ṣe géèmù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ idà sí ọmọdé ni wọn ò ṣe fi ọmọdé sí i. Ó yé mi. Mo tiẹ̀ gbóríyìn fún wọn. Síbẹ̀ inú ń bí mi, kì í sì í ṣe sí wọn. Ìlú tí kò ní ọmọdé kan ṣoṣo, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn páálí pé ìlú ni. Wọn ò kọ ọ́ pé ìlú tó ṣì ń wojú Olúwa. Kò sí ẹni tó ń dúró lẹ́nu bodè rẹ̀ tó ń bi wọ́n pé ìròyìn wo ló wà.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́. Ó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo, kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo. Ó kó ẹja wá, ó gbàdúrà fún wa, ó jẹun. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyẹn hàn. Ìgbà tó jẹun tán ló gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ilé bàbá wọn tí wọ́n wó tí wọ́n tún ń kọ́, tí àwa náà dá sìmẹ́ǹtì sí, tí ọkọ mi lọ ru búlọ́ọ̀kù níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí òrùlé. Wọ́n fẹ́ pín yàrá.

Ó ní, "Yàrá ò ní í tó, ìyàwó mi. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní kí á fi ti ọmọ pín in. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá pọ̀ á gba méjì, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré á gba ọ̀kan. Ẹ̀yin méjèèjì, ilé mi nilé yín. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá wá, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó máa sùn sí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń fi òrí pa ojú egbò. Mo dúró kí ọkọ mi fèsì. Ọkọ mi ní, "Ó dáa, Àǹtí."

Mo mọ pípín ogún bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Orí-ò-jorí wà, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀. Ìdí-igi wà, tí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé dé yìí, tí ọmọ bàbá kan náà á fi jókòó sílẹ̀ láìní ibi tó máa gbé orí lé nílé bàbá rẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ tán, mo bi ọkọ mi pé kí ló dáa níbẹ̀. Páàdì géèmù ló gbé. Bí inú bá ń bí mi sí ọkọ mi, mo máa ń pè é ní ẹ̀yin bí ẹni ń kí àlejò. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa kà á lọ." Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò sì wo ojú rẹ̀.

Ó ní, "A ti ka obìnrin yìí tẹ́lẹ̀."

Obìnrin aláṣọ pupa kan ni, tó gbé agbọ̀n. Ọkọ mi jẹ́ kó kọjá, ó yíjú padà, ọ̀nà sì ṣófo. Ó rìn síwájú díẹ̀, obìnrin kan náà tún yọ láti kọ̀rọ̀ mìíràn, pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Àṣé gbogbo orí tó ti ń kà lórí afárá láti ọjọ́ yìí, àwọn kan náà ló ń yí po. Ó ní ẹ̀rọ náà ń dá ènìyàn síwájú wa, ó sì ń pa wọ́n rẹ́ bí a bá ti kẹ́yìn sí wọn. Ó ní bóyá gbogbo ìlú náà kò ju ẹni ọgọ́ta lọ.

Mo ní, "Mi ò gbà."

"Ṣebí ojú rẹ ló ṣe?"

"Mo ní mi ò gbà. Ẹni tí ẹ ò bá ti wò, kò sí nìyẹn? Ẹni tó ń ta búrẹ́dì nídìí afárá, bí a bá kúrò níbẹ̀, ta ló ń ra búrẹ́dì rẹ̀?"

"Nínú géèmù ni mo ń sọ."

"Nínú géèmù lèmi náà ń sọ."

Ó gbé páàdì sílẹ̀. Ó mọ̀, èmi náà sì mọ̀, pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí géèmù. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Mo ní, "Kí o kà wá."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká ka ilẹ̀kùn. Gbogbo ilẹ̀kùn ìlú, yálà ó ṣí tàbí wọ́n yà á sógiri ni. Ilẹ̀kùn kan, ilé kan. Òpópónà kan lẹ́yìn òmíràn, èmi ń tọ́ka, òun ń kà, a sì ń jà lórí èyí tó jẹ́ fèrèsé àti èyí tó jẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí a kà á tán lẹ́yìn Àìkú mélòó kan, ó bi mí pé ènìyàn mélòó la ó fi sí ilé kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Méjì."

"Méjì péré?"

"Méjì. Wọn ò ní ọmọdé, ṣé wọn ò ní tọkọtaya ni?"

Ó wò mí, ó fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù rẹ̀ ṣe é. Ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mílíọ̀nù kan jìnnà réré sí i, ṣùgbọ́n iye tí mo lè dúró tì nìyẹn níwájú ẹnikẹ́ni. Mo ní kó bá mi wá bírò, mo fa igi lu mílíọ̀nù kan lẹ́yìn páálí náà.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni ìpàdé ẹbí. A gba ọ̀nà Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, a sì bá wọn lórí àga níwájú ilé tuntun náà, ògiri rẹ̀ ti ga, kò tíì ní òrùlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ọkùnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n obìnrin wà níbẹ̀, àbúrò wọn ọkùnrin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ tirẹ̀. Àbúrò bàbá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ló ń darí ìpàdé. Wọ́n ṣe fàtíhà, a ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin gbé ọ̀rọ̀ pípín kalẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n obìnrin ṣe sọ ọ́ fún wa. Bàbá sì mi orí.

Bàbá wá kọjú sí ọkọ mi. Wọ́n ní, "Ṣebí ìwọ lo máa ń ka èrò ní èbúté? Dìde, bá wa ka àwọn ọmọ, ká lè mọ bí a ó ṣe pín in."

Mi ò rò pé Bàbá fi ṣe ìkà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Ọkọ mi dìde. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ kan. Ó na ìka sí wọn bó ṣe máa ń nà án sí èrò ọkọ̀, ó ní, "Ọ̀kan, méjì..."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n fò dìde, ó na apá bo àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ o! Ẹ jọ̀ọ́! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!" Ìyàwó àbúrò náà ti fa tirẹ̀ sẹ́yìn aṣọ. Ariwo sọ. Bàbá ní òótọ́ ni, ó lòdì, kí ọkọ mi jókòó. Wọ́n ní kí òbí kọ̀ọ̀kan sọ iye ti ara rẹ̀ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sọ. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó gbé òfin náà wá ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Wọ́n pọ̀, Alihamudulilahi," kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó ilé kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí bí wọn ò bá bi í. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo kúnlẹ̀, kí wọ́n má baà rí ti ìyẹn wí, orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo sì ti sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kí ló wá dé tí ẹ fi ka tiwa? Nínú gbogbo ilé yìí, àwa nìkan lẹ kà. Kẹ́ ẹ tó pe ìpàdé lẹ ti kà wá tán. Ẹ kà wá, ẹ ní òdo."

Ẹ̀gbọ́n obìnrin ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, "Ìyàwó mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lọ́la la rò. Bá a bá fún yín ní yàrá, ta ni yóò jogún rẹ̀?"

Mo ní, "Àǹtí, a ò tíì kú."

Bàbá wo ọkọ mi. "Ṣé o gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ń sọ?"

Mo mọ ọkọ mi. Mo ń retí kó ní ó dáa. Mo tiẹ̀ ti ń wo ibi tí mo gbé báàgì mi sí, nítorí bó bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni ì bá padà sí Ìkòròdú.

Ọkọ mi ní, "Mo gbọ́, Bàbá. Èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ́." Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ ka ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹni tí bàbá wa bí, kí ó ní ilẹ̀kùn kan. Èmi àti obìnrin yìí, ìdílé kan ni wá, a ò dín. Bí ẹ bá yọ ilẹ̀kùn tiwa, ẹ yọ èmi náà kúrò nínú ọmọ bàbá mi, kẹ́ ẹ má sì pè mí wá ru búlọ́ọ̀kù mọ́."

Mo sunkún. Inú bí mi pé ojú wọn ni mo ti ń sunkún, ṣùgbọ́n mo sun ún. Bàbá fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba yàrá kan, kí èyí tó bá ṣẹ́kù jẹ́ ti àwọn ọmọ tó bá wá lo ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kò fẹ́ràn rẹ̀. Kò rí ohun tó máa wí sí i, nítorí òun náà kò lè ka ọmọ rẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n obìnrin ti ń yan ẹja. Èéfín ń wọlé níbẹ̀. Mo rán kọ́tíìnì tó nípọn, a ra bẹ́ẹ̀dì, a gbé e wá láti Ìkòròdú. Ọdún Iléyá tó tẹ̀ lé e la kọ́kọ́ sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n kan ilẹ̀kùn, mo ṣí i. Ó gbé abọ́ ẹja dání. Ó wo bẹ́ẹ̀dì tí ọkọ mi nà gbalaja sí, ó wo ilẹ̀ yàrá tó tẹ́jú lọ dé ògiri kejì láìsí ẹnì kan lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi, yàrá yìí ò wá tóbi jù fún ẹ̀yin méjì báyìí?"

Mo gba abọ́ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Rárá o, Àǹtí. Ó tiẹ̀ há fún wa díẹ̀."